Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Wo Ilé Wàsílátù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìṣẹ́ ṣe ń sọ ọmọlúàbí di òpùrọ́, kó bá mi ká lọ sí ilé Wàsílátù láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Aago méje ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Obìnrin náà jókòó sójú fèrèsé, ó mú abẹ lọ́wọ́, ó ń tú ìṣẹ́tí aṣọ ilé-ìwé kan. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe, aṣọ ilé-ìwé ló sì mọ̀ ọ́n rán jù. Ní gbogbo ẹ̀yìn Agric, ní Ìkòròdú, bí o bá rí ọmọ kan tí aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ jókòó sí i lára dáadáa, ọwọ́ Wàsílátù ló ti jáde. Èyí tó ń tú yìí, ti Mutmainah ọmọ tirẹ̀ ni.

"Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ rán an," Mutmainah ní. Ó dúró sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Mo mọ̀."

"Kò sì tíì ya."

"Mo mọ̀ pé kò tíì ya. Ìdí tí mo fi ń tú u nìyẹn."

Ó gé òwú kan, ó fà á, ìṣẹ́tí náà sì já wálẹ̀ ní apá kan. Wàsílátù kò wo ojú ọmọ rẹ̀. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tó ti ń ránṣọ, kò tíì fi abẹ kan aṣọ tí kò ní àléébù rí.

Ohun tó fa èyí kò ṣòro láti sọ. Mutmainah, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ti wà nílé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kọjá, nítorí pé Oríyọmí bàbá rẹ̀ tó jẹ́ wẹ́dà kò rí geètì àti fèrèsé onírin ṣe mọ́ bí ó ti ń rí i tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ aláàánú kan wá kéde pé àwọn yóò rán àwọn ọmọbìnrin lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, fún ọdún mẹ́ta gbáko, pẹ̀lú ibùsùn àti oúnjẹ. Igba ọmọ ló ṣe ìdánwò. Mutmainah ṣe ipò kejì. Gbogbo ilé jó, títí wọ́n fi ka lẹ́tà tí ẹgbẹ́ náà kọ dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn tó gba ọmọ wọlé, àwọn yóò wá fi ojú ara àwọn wo ilé òbí rẹ̀, kí àwọn lè mọ̀ bóyá aláìní ni wọ́n lóòótọ́. Ọmọ ti yanjú ìṣirò tirẹ̀ tán, ó wá ku kí ìyá rẹ̀ fi ẹ̀rí ìṣẹ́ hàn.

Láńre tó ń gbé yàrá kejì sí tiwọn ló bá wọn fi fọ́ọ̀mù ìdánwò náà ránṣẹ́. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kékeré kan ní Garéèjì Ìkòròdú, níbi tó ti ń bá tọmọdé tàgbà kún fọ́ọ̀mù, ìyẹn ló sì sọ ọ́ di amòye nínú ilé. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ó jókòó sórí àga wọn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mi orí.

"Ìyá Mutmainah, ilé yín ti dáa jù."

"Ilé wo?"

"Ẹ ní tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ní fáànù. Ẹ ní àga méjì. Ẹ tún wo kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀. Àwọn aláàánú yìí, ojú ni wọ́n fi ń ṣàánú. Bí iṣu ẹni bá ta, ńṣe là á fọwọ́ bò ó jẹ."

"Iṣu wo ló ta níbí, Bọ̀dá Láńre? Fáànù ọ̀hún, bí iná bá dé, ọwọ́ la fi ń bá a yí i kó tó gbéra."

"Ẹ fọwọ́ bò ó náà."

Bí wọ́n ṣe kírun àárọ̀ tán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Ilé oníyàrá mẹ́wàá ni, márùn-ún lápá kan, márùn-ún lápá kejì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan sì là á láàárín, nítorí náà ìrìn ẹrù náà kò jìn. Tẹlifíṣọ̀n lọ sí yàrá Láńre. Àga méjèèjì lọ sọ́dọ̀ Ìyá Wùnmí. Fáànù àti kápẹ́ẹ̀tì lọ sọ́dọ̀ Rodiat tó ń ta zóbò. Oríyọmí ti balùwẹ̀ dé, ó so táwẹ́lì mọ́dìí, ó bá ènìyàn mẹ́ta tó ń gbé àga rẹ̀ kọjá.

"Ta ló kú?" ló bi wọ́n.

Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó dúró sí àárín yàrá tó ti ṣófo, omi ń kán lára rẹ̀ sílẹ̀.

"Àga tí mo fi òógùn ojú mi rà. Mo gbọ́dọ̀ fi í pamọ́ kí wọ́n tó gbà pé ọmọ mi mọ̀wé?"

"Wọ́n ti gbà pé ó mọ̀wé, Bàbá Mutmainah. Pé a ò ní ló kù tí wọ́n fẹ́ gbà."

"A ò sì ní lóòótọ́. Kí la tún wá ń ṣe eré rẹ̀ sí?"

Bí ènìyàn ò bá sì ní èsì, ohun tí kò yẹ kó sọ ló máa ń sọ. "Bí wọn ò bá mú un," Wàsílátù wí, "ṣé ẹ̀yin lẹ máa rán an lọ?"

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Oríyọmí wọ ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, ó mú gíláàsì tó fi ń jó irin, ó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n bù sílẹ̀ fún un wà níbẹ̀ títí tó fi dì.

Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án kọjá, fóònù dún. Àwọn àlejò ti dé Garéèjì Ìkòròdú, wọ́n wà níwájú ṣọ́ọ̀bù Láńre, wọn ò mọ̀nà ilé. Wàsílátù da aṣọ borí, ó ní kí Mutmainah wọ aṣọ tí ìṣẹ́tí rẹ̀ já náà, kó gbá ilẹ̀, kó sì jókòó sórí ẹní. "Má rẹ́rìn-ín," ló wí fún un kó tó jáde. Bí ọmọ náà kò ṣe ní ẹ̀rín kankan lẹ́nu, kò mọ èyí tí wọ́n ní kó má rín.

Wàsílátù kò tíì pẹ́ jáde tí ìyá rẹ̀ fi wọlé. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ni gbogbo ilé ń pè é. Ẹja yíyan ló ń tà ní Ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́, etí ọ̀sà. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. Ó kàn gbọ́ pé àlejò ń bọ̀ nílé ọmọ òun nítorí ọmọ-ọmọ òun, ó sì ti wọkọ̀ láti àárọ̀ kùtù pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ọbọ̀kún yíyan àti ewùrà ńlá méjì. Ó ṣílẹ̀kùn, ó rí yàrá, ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó káwọ́ lérí.

"Olè wọlé?"

"Rárá, Ìyá Ẹ̀pẹ́."

"Bàbá rẹ kó jáde?"

"Rárá o."

"Ṣé onílé ló lé yín ni?"

Mutmainah rọra ṣàlàyé. Ó sọ ti lẹ́tà, ó sọ ti Láńre, ó sọ ti tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó dé orí abẹ, ìyá àgbà ní kó tún ibẹ̀ sọ. Ó tún un sọ. Ìyá Ẹ̀pẹ́ fa etí aṣọ náà mọ́ra, ó fi àtàńpàkò tẹ̀ lé ojú abẹ́rẹ́ tó ṣófo.

"Ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo," ló wí níkẹyìn. "Bí àlejò bá wá bá ọ nílé, omi lò ń gbé fún un, kì í ṣe ìṣẹ́. Bọ́ aṣọ yẹn. Lọ wọ èyí tí mo rà fún ọ nígbà Iléyá."

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ohùn tó ń polówó ẹja láàárín ọkọ̀ ojú omi ni.

"Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ilé o. Àlejò ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ bá wa gbé àga jáde."

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ẹ má baà ṣi àwọn ará ilé náà dá lẹ́bi. Nínú ilé yẹn, ẹni tó bá ní àlejò, gbogbo yàrá ló ní àlejò. Nígbà tí àwọn àna Ìyá Wùnmí wá, orí àga Wàsílátù ni wọ́n jókòó sí. Nígbà tí wọ́n sọ ọmọ Rodiat lórúkọ, ìkòkò mẹ́rin láti yàrá mẹ́rin ló wà lórí iná. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀kọ́ Láńre kò ju mẹ́ta lọ, àwọn yẹn gan-an sì rò pé wọ́n ti yí i padà. Ìyá Ẹ̀pẹ́ sọ pé àga, kò sọ àga ta ni. Nítorí náà oníkálukú gbé èyí tó dáa jù nínú yàrá rẹ̀.

Ìyá Wùnmí dá àga Wàsílátù méjèèjì padà, ó sì fi tirẹ̀ méjì onífóòmù tuntun lé e. Rodiat mú fáànù àti kápẹ́ẹ̀tì wá. Ó wo yàrá náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní àlejò kì í mu omi gbígbóná, ló bá ní kí wọ́n bá òun ti fìríìjì òun wọlé, bóyá iná á dé. Ìyàwó Láńre kò mọ èwo nínú tẹlifíṣọ̀n méjèèjì ni wọ́n fẹ́, ló bá gbé tilé Wàsílátù àti tiwọn jọ, wọ́n to èyí kékeré lé èyí ńlá lórí. Alhaji Ùsmán onílé, tí kì í jẹ́ kí ọmọ ọmọ rẹ̀ fara kan àga aláwọ rẹ̀ gígùn tó wà ní pálọ̀, ní kí ọkùnrin mẹ́rin gbé e wá, òun fúnra rẹ̀ sì tẹ̀ lé wọn, ó ń pariwo pé kí wọ́n rọra. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ọ̀nà àtirìn ò sí nínú yàrá mọ́. Ìyá Ẹ̀pẹ́ wá bọ́ sí ilé ìdáná, ó ń rin ewùrà, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀.

Ní àkókò yìí, Wàsílátù àti àwọn àlejò ti wà nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Méjì ni àwọn àlejò náà. Fọláwùmí ni ọ̀gá, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó wọ bàtà pẹlẹbẹ bí ẹni tó mọ̀ pé òun yóò rìn. Jọláolúwa, géńdé kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ló ń bá a kọ ìwé. Láńre jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó kọ etí sẹ́yìn.

"Ẹ má ṣe wàhálà nítorí wa o," Fọláwùmí ní. "Ibi tó bá wà náà la máa jókòó sí."

Láńre húkọ́. Àmì nìyẹn.

"Orí ẹní la máa ń jókòó sí, mà," Wàsílátù ní. "A ò ní àga."

"Tẹlifíṣọ̀n ńkọ́?" Jọláolúwa bi í.

"A ò ní."

"Fáànù?"

"Atẹ́gùn Ọlọ́run la fi ń sùn."

Láńre mi orí níwájú. Ìyẹn kò sí nínú ohun tó kọ́ ọ. Wàsílátù fúnra rẹ̀ ló fi kún un, ó sì yà á lẹ́nu bí irọ́ ṣe tètè mọ́ òun lára. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ilé, ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ó ń rí ọmọ rẹ̀ lọ́kàn nínú aṣọ ilé-ìwé tuntun, ó sì gbé ìtìjú náà tì. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fojú àánú wo ilé wa," ló wí, ó sì ṣí i.

Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòhò wọjà. Mutmainah jókòó láàárín gbùngbùn àga aláwọ Alhaji, ó wọ léèsì Iléyá, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Àga onífóòmù wà lọ́tùn-ún rẹ̀, àga mìíràn wà lósì, fìríìjì dúró sẹ́yìn rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n méjì gun ara wọn. Ọmọ náà rántí pé wọ́n ní kí òun má rẹ́rìn-ín, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàbọ̀ o," Ìyá Ẹ̀pẹ́ ní, ó ń nu ọwọ́. "Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Èyí tó bá wù yín ni kí ẹ jókòó lé."

Jọláolúwa fojú kà á: ìjókòó méje, fún àlejò méjì. Láńre tó wà lẹ́yìn wọn yọ orí wo inú yàrá lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun ń bọ̀, wọn ò sì rí i mọ́ títí ọ̀rọ̀ fi di ayọ̀.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Fọláwùmí. Ó jókòó. Àga Alhaji dún lábẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Mutmainah, ẹ ní orí ẹní lẹ máa ń jókòó sí."

Kí Wàsílátù tó dáhùn, ìyá rẹ̀ ti ń gbé àwo kọjá níwájú rẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ ni, ó ń yọ èéfín, ọbọ̀kún yíyan sì yọ orí jáde láàárín rẹ̀.

"Màmá, ẹ ṣé o," Fọláwùmí ní. "Òfin wa kò gbà kí a jẹun nílé tí a bá wá yẹ̀ wò."

"Òfin yín kò tíì dé Ọjà Olúwo nígbà tí mo ra ẹja yìí," Ìyá Ẹ̀pẹ́ ní. "Ojú àwo ni àwo fi ń gba ọbẹ̀. Ẹ jẹun."

Fọláwùmí yíjú sí Jọláolúwa kó lè bá a ṣàlàyé òfin náà. Jọláolúwa ti fọwọ́ kan ẹja.

"Ẹ jẹ́ ká yáa ya fọ́tò ká máa lọ," Fọláwùmí ní, ohùn rẹ̀ ti tutù. "Wọ́n ní kó wà nínú aṣọ ilé-ìwé rẹ̀."

Mutmainah wo ìyá rẹ̀, ó wo ìyá ìyá rẹ̀, ó mú aṣọ náà lọ sí yàrá Ìyá Wùnmí láti wọ̀ ọ́. Nígbà tó padà, ìṣẹ́tí aṣọ ń wọ́ lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Jọláolúwa gbé kámẹ́rà sókè. Inú rẹ̀ dùn. Irú fọ́tò tí wọ́n máa ń fẹ́ nìyí. Ṣùgbọ́n Fọláwùmí ti na ọwọ́ dí i lójú. Ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó yí etí aṣọ náà padà. Níbi tí wọ́n ti ká a tẹ́lẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ṣì tutù bí ọjọ́ tí wọ́n rà á, òwú tí abẹ gé sì ṣì rọ̀ síbẹ̀.

"Àárọ̀ òní ni wọ́n tú èyí," ló wí. Ó wo fìríìjì, ó wo aṣọ. "Ìyá Mutmainah, èwo ni irọ́ níbẹ̀? Ilé yìí ni, àbí aṣọ yìí?"

Wàsílátù mọ̀ pé ìdáhùn tí òun bá fún obìnrin yìí ló máa sọ bóyá ọmọ òun yóò lọ sílé-ìwé tàbí yóò máa bá òun ká etí aṣọ ọmọ ọlọ́mọ. Ó wá irọ́ kan tó lè so méjèèjì pọ̀, kò rí i. Ó kúnlẹ̀.

"Méjèèjì ni, mà."

Ibẹ̀ ni iná dé.

Láti ọjọ́ Ajé ni iná ti lọ ní àdúgbò náà, nítorí náà àwọn ọmọ kéékèèké hó láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà títí dé òpin rẹ̀. Kò pẹ́ tí Rodiat fi kan ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ wọlé.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin àlejò wa, ẹ má bínú. Fìríìjì mi ni mo fẹ́ gbé. Zóbò mi ti fẹ́ kan."

Wọ́n ti fìríìjì jáde. Bí wọ́n ṣe ń ti í ni Alhaji Ùsmán dé, ó ń tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Màdáámù, ẹ kú àbẹ̀wò. Ẹ dìde díẹ̀ fún mi. Àlejò tèmi náà wà lọ́nà, àwọn ọkùnrin tó lè gbé àga yìí sì fẹ́ máa lọ síbi iṣẹ́."

Fọláwùmí dìde, ó lọ jókòó sórí àga onífóòmù. Kò tíì jókòó tán tí Ìyá Wùnmí fi yọjú. Ó ní àwọn obìnrin ìjọ àwọn ń bọ̀ wá gbàdúrà nílé òun ní ọ̀sán, òun ò sì lè ní kí ìyàwó pásítọ̀ jókòó sórí garawa. Fọláwùmí tún dìde. Ìyàwó Láńre bẹ wọ́n pé kí wọ́n bá òun gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré sọ̀ kalẹ̀, ńlá ìsàlẹ̀ ni tòun. Jọláolúwa gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ dání, ó ń yà fún wọn lọ́tùn-ún lósì, kò dá jíjẹ dúró.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Fọláwùmí bá ara rẹ̀ lórí àga kan tí fóòmù rẹ̀ ń yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ekejì rẹ̀ wà lọ́ọ̀ọ́kán. Kápẹ́ẹ̀tì kan wà nílẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n kékeré kan wà. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lójú fèrèsé. Ní igun yàrá, fáànù kan ń kùn, kò yí. Mutmainah dìde, ó fi ìka kan tì í. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Èyí tó kù yìí ni tiwa, mà," ló wí.

Ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Jọláolúwa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á pọ̀ mọ́ ẹja. Fọláwùmí bo ẹnu, kò ṣiṣẹ́. Èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó yá, ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Wàsílátù náà ń rẹ́rìn-ín lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n omi ojú tirẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀rín nìkan. Ó sọ gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀: tẹlifíṣọ̀n, abẹ, atẹ́gùn Ọlọ́run. Kò dárúkọ Láńre. Ó ní òun lòun ṣe é.

Ìyá Ẹ̀pẹ́ kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi," ló wí fún Fọláwùmí, "mo fẹ́ bi yín léèrè, ẹ má bínú. Ọmọ yìí ṣe ìdánwò, ó yege. Kí ló dé tí ìyẹn kò tó yín? Èmi ń ran ènìyàn lọ́wọ́ lọ́jà. Bí obìnrin bá wá bá mi pé òun ò ní ẹja tí òun yóò tà lónìí, mi ò sọ pé kó bọ́ aṣọ kí n rí eegun àyà rẹ̀."

Fọláwùmí nu ojú.

"Màmá, òótọ́ lẹ sọ. Àwa náà ní àwọn tí à ń jíṣẹ́ fún. Bí a ò bá mú fọ́tò aṣọ yíya lọ, wọ́n á ní a ò dé ọ̀dọ̀ tálákà."

"Àwọn náà ò ní ìyá?"

Fọláwùmí wo àwo tó wà níwájú rẹ̀, ó gbé e sórí ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó jẹ ẹ́ bí ẹni tí kò jẹun láti àárọ̀, èyí tó sì jẹ́ òótọ́. Ìgbà tó kan egungun ọbọ̀kún ló tó gbójú sókè.

"Jọláolúwa, o ti kọ ohun tí wọ́n ní?"

"Èwo nínú wọn ni kí n kọ, mà?"

"Èyí tó kù. Àga méjì, kápẹ́ẹ̀tì kan, tẹlifíṣọ̀n kan, ẹ̀rọ ìránṣọ kan, fáànù kan tó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́." Ó ronú díẹ̀. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé wọ́n ní yàrá mẹ́sàn-án tó ń yá wọn ní nǹkan."

"Kò sí àyè fún ìyẹn lórí fọ́ọ̀mù, mà."

"Kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀."

Ó gba ìwé náà, ó fọwọ́ sí i lórí itan rẹ̀, níṣojú gbogbo wọn. Ó ṣí báàgì, ó fa ọ̀pá aṣọ mẹ́ta jáde, aláwọ̀ ewé, tí wọ́n ṣì ká bí wọ́n ti rà á. "Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n ń wọlé," ló wí. "Télọ̀ kan ló máa ń bá wa rán aṣọ ilé-ìwé wọn ní Èkó. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ó lè mọ ara ọmọ yìí tó ẹ̀yin." Ó gbé e lé Wàsílátù lọ́wọ́. Wàsílátù fi aṣọ náà bojú, ó sunkún sínú rẹ̀, kò tijú ẹnikẹ́ni.

Ayọ̀ ò ṣe é gbé pamọ́ sínú ilé tí ilẹ̀kùn ń wo ilẹ̀kùn. Kó tó di pé Wàsílátù nu ojú tán, Rodiat ti gbé zóbò wá, ó ní kò tíì tutù ṣùgbọ́n kí wọ́n máa mu ún bẹ́ẹ̀. Alhaji Ùsmán gbàdúrà tó gùn, Ìyá Wùnmí ṣe "Àmín" tó pariwo ju ti ẹni tó ni ọmọ lọ. Láńre ti yọ láti ibi tó sá sí, ó ń sọ fún ẹni tó bá fetí sílẹ̀ pé òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Wọ́n fún un ní ẹja, ìrù ni.

Fọ́tò tí Jọláolúwa mú lọ ní ọjọ́ náà, ènìyàn mẹ́rìndínlógún ló wà nínú rẹ̀. Mutmainah ti padà wọ léèsì Iléyá rẹ̀, ó wà láàárín, Ìyá Ẹ̀pẹ́ gbé àwo ọbọ̀kún síwájú, gbogbo wọn sì la ẹnu ẹ̀rín. Mi ò mọ ohun tí àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yóò sọ nípa rẹ̀.

Oríyọmí dé lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, ìgbà tó máa ń dé bí iṣẹ́ ò bá sí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí àga rẹ̀ méjèèjì níbi tí wọ́n ti máa ń wà. Ó rí ìyàwó rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ ewé lórí itan. Mutmainah sáré pàdé rẹ̀, ó sọ ọ́ sí i létí, ọkùnrin náà sì di ọmọ rẹ̀ mú tòun ti ẹ̀gbin irin tó wà lára aṣọ rẹ̀. Wàsílátù gbé oúnjẹ fún un, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá Mutmainah, ọ̀rọ̀ tí mo sọ láàárọ̀, ẹ má bínú."

"Ọ̀rọ̀ wo?" Oríyọmí ní. Ó fọwọ́, ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ náà títí ó fi lá àwo.

Wàsílátù padà sídìí ẹ̀rọ. Ó ti gé aṣọ náà, ó ti so apá mọ́ ọn, ó ku ìsàlẹ̀. Ó ká ìṣẹ́tí rẹ̀ ní ìka méjì, bó ti máa ń ṣe fún gbogbo ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá rẹ̀ tó ń di apẹ̀rẹ̀ láti padà sí Ẹ̀pẹ́ na ọwọ́, ó dá a dúró.

"Ká a ní ìka mẹ́rin."

"Màámi, á wúwo jù."

"Jẹ́ kó wúwo. Ọdún mẹ́ta ni. Ọmọ náà á ga."

Wàsílátù wo Mutmainah tó dúró ti fáànù, tó ń fi ìka tì í. Ó tú ìka méjì náà, ó ká a ní mẹ́rin, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ.